Ojú Ọkọ Ẹ̀gbọ́n Ẹni Nínú Ìwé Ìfẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó lọ dín iná ẹ̀ kù kó tó jókòó, torí òfófó ni mo gbé wá lónìí, ó sì gbóná. Mi ò ní fi orúkọ rere bò ó mọ́lẹ̀. Òfófó ni. Ẹ ṣáà má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlú Uozu yìí ní Japan ló ti mọ̀ ọ́n, láti etí òkun títí dé ẹsẹ̀ òkè.

Chigusa lorúkọ ẹni tọ́rọ̀ kàn. Ìwé àwòrán ló ń yà, máńgà. Kì í ṣe ti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fò lókè tí wọ́n ń jagun o. Ti ìfẹ́ ni. Àwọn òyìnbó á kọ ìtàn ìfẹ́, wọ́n á túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Japan, ilé iṣẹ́ kan ní Tokyo á fi ránṣẹ́ sí Chigusa. Òun á kà á, á fún un bí ẹni fún aṣọ tó rin, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ yẹn á di àwòrán pẹlẹbẹ. Ẹ mọ irú ìtàn yẹn. Olówó kan wà ní Gíríìsì, tàbí ọmọ ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ọ̀gá kan nínú aṣálẹ̀ tó lówó ju iyanrìn lọ. Ọmọbìnrin tálákà kan á máa nulẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́, obìnrin burúkú kan á dá sí i, á ba ibẹ̀ jẹ́, wọ́n á tún rẹ́, ó di ìyàwó.

Ibi tó wá le sí nìyí. Ẹni tó kọ ìwé á kàn ní, "Ọkùnrin náà ga, ojú ẹ̀ le, ó rẹwà débi pé ó ń dunni." Ó parí! Ó ti lọ sùn. Ẹni tó ń yàwòrán ló máa lọ wá imú, wá etí, wá àgbọ̀n lé e lórí. Ibi ká wá imú ká wá àgbọ̀n yẹn gan-an ni wàhálà Chigusa ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́. Bàbá Chigusa ló dá ilé kamaboko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò sílẹ̀. Ẹja lílọ̀ ni, wọ́n á fi ooru sè é bíi mọ́ín-mọ́ín. Tìgbéyàwó ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù: wọ́n á mọ ẹja lílọ̀ yẹn bí odidi ẹja pupa, wọ́n á rọ àwọ̀ sínú àpò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, bíi tàwọn oníkéèkì, wọ́n á máa tẹ ìpẹ́ ẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ lẹbẹ, tẹ ojú. Àlejò á gbé e relé láti ibi ìgbéyàwó, wọ́n á gé e, wọ́n á pín in kárí ojúlé. Bàbá ò bí ọkùnrin. Nobue ló bí, ó wá bí Chigusa lé e. Tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ níbí, ọkọ tí àkọ́bí obìnrin bá fẹ́ ló máa kó wá sílé ìyàwó, á gba orúkọ ilé ìyàwó, á jogún iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àṣà ibí ni.

Ọkùnrin tí alárinà mú wá fún Nobue ni Shigeyoshi.

Chigusa ló gbé tíì wọlé fáwọn àlejò lọ́jọ́ yẹn. Bó ṣe gbójú sókè, àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kíláàsì kan náà lòun àti Shigeyoshi jọ wà nílé ẹ̀kọ́ gíga! Kì í sì í ṣe pé wọ́n jọ wà níbẹ̀ nìkan. Nínú oṣù kejì, lọ́jọ́ táwọn ọmọbìnrin máa ń fún ọkùnrin ní ṣokoléètì, Chigusa ti fún un rí. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ yọ́ ọ, ó fi rìbọ́ọ̀nù dì í, ó dúró dè é níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Àmọ́ bó ṣe nà án sí i, àyà ẹ̀ já, ló bá ní, "Má wulẹ̀ rò ó o, tàwọn ẹlẹgbẹ́ lásán ni, gbogbo ọkùnrin kíláàsì ni mo fún." Irọ́ gbuu! Òun nìkan ló fún. Shigeyoshi dúpẹ́, ó jẹ ẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, ó wa kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ. Ó tán síbẹ̀. Nígbà tó wá di ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kí ni Chigusa fẹ́ sọ? Ó gbé tíì sílẹ̀, ó tẹríba, ó padà sí kíṣìnnì.

Ọdún ń gorí ọdún. Bàbá kú, Nobue àti ọkọ ẹ̀ gba ilé ẹja. Chigusa lọ sí Tokyo, Tokyo ò rọgbọ, ó padà wálé, ó gba yàrá kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Níbẹ̀ ló ti rí iṣẹ́ ìwé ìfẹ́ yìí. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un, ti ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ sì ti ń pẹ́. Ó mú gègé, ó ní kóun ṣáà ya ojú kan ná, òun á tún un ṣe tó bá yá. Ọwọ́ ẹ̀ bá yà á. Nígbà tó gbé orí sẹ́yìn wò ó, Shigeyoshi ló ń wò ó látinú pépà. Irun pupa yòò lórí, kóòtù oyè lọ́rùn, àmọ́ òun ni. Ara ẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Ó mú ìpàwé, ó fẹ́ nù ún nù, àmọ́ iṣẹ́ ti pẹ́ jù, ó fi díẹ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí olóòtú ẹ̀, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Fóònù dún.

"Chigusa! Ojú yìí! Níbo lẹ ti rí i? Ẹ má fọwọ́ kàn án o, àwọn òǹkàwé á ya wèrè!"

Wọ́n ya wèrè lóòótọ́. Láti ìgbà náà, irun nìkan ló ń pààrọ̀ bí ẹni pààrọ̀ fìlà. Ti Gíríìsì, irun dúdú. Ti aṣálẹ̀, láwàní. Ti dókítà, ó fi dígí sí i lójú. Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ ló wà lára ìwé, orí fóònù ni wọ́n sì ń tà á jù, àwọn ará ilé ò kà á rí. Àmọ́ ní gbogbo Sunday tó bá lọ jẹun nílé Nobue, Shigeyoshi á bu ọbẹ̀ fún un, á ní, "Àna mi, jẹun dáadáa, o ti rù," Chigusa ò ní lè wojú ẹ̀. Ìgúnpá ọkùnrin náà ló máa ń wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya àyà èèyàn lọ́sàn-án, tó ya bó ṣe ń fẹnu ko obìnrin lẹ́nu, báwo ló ṣe fẹ́ wá wojú ẹ̀ gba ọbẹ̀? Shigeyoshi rò pé ìtìjú ni wọ́n bí i mọ́. Ìtìjú náà ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n bí i mọ́.

Ó dọdún yìí. Nobue fẹ́ràn àbúrò ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Obìnrin alágbára ni, ohùn ẹ̀ ń dé òdìkejì odò, àmọ́ ó fẹ́ràn ẹ̀. Ọjọ́ Àṣà tí wọ́n ń ṣe nínú oṣù kọkànlá ń bọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò máa ń kó ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe wá sí gbọ̀ngàn. Ó jókòó ti Chigusa, ó ń bó ọsàn.

"Mo ti sọ fún wọn ní gbọ̀ngàn o, Chigusa."

"Ẹ sọ kí ni, àǹtí mi?"

"Pé wàá kó àwòrán ẹ wá. Lọ́dọọdún, wọ́n á to òdòdó, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀wé, wọ́n á tún to òdòdó. Ó ti sú mi! Àbúrò mi ń yàwòrán fún Tokyo, kí n wá panu mọ́?"

"Àǹtí, ti òyìnbó mà ni. Wọ́n... wọ́n máa ń dì mọ́ra níbẹ̀ o."

"Kí wọ́n máa dì mọ́ra! Màmá Kiyono tó o rí yẹn, ọkọ mélòó ló ti sin? Ta ló máa bẹ̀rù ìdìmọ́ra nínú wọn?"

"Ojú á tì mí."

"Jẹ́ kó tì ẹ́, á padà là. Shigeyoshi náà á wà níbẹ̀, a ti ní kó wá tẹ ẹja fáwọn ọmọdé wò. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀gbẹ́ ara yín ni màá kó yín sí. Kí gbogbo ayé wá wo ohun tó wà nílé wa."

Háà. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ ṣáà máa gbọ́.

Chigusa ò lè kọ̀. Tó bá kọ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti ṣèlérí ló máa tẹ́. Ló bá dọ́gbọ́n. Ó kó àwòrán ilé ńlá àwọn ọba, ó kó ẹṣin, ó kó ife tíì àti òjò tó ń rọ̀ lójú fèrèsé, ó kó wọn fún Nobue. Kò sí ojú ọkùnrin kankan níbẹ̀. Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí Nobue ṣe? Ó wo ẹṣin, ó wo ife, ó ní ta ló máa jáde nílé torí ife. Ó pe olóòtú ní Tokyo láìsọ fún Chigusa. Olóòtú ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi!" Ló bá tẹ àwòrán tó ga bí èèyàn, ó ká wọn jọ, ó fi wọ́n ránṣẹ́ tààrà sí gbọ̀ngàn.

Nígbà tí Chigusa máa bọ́ bàtà, tó ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti kọ́ wọn sára ògiri. Shigeyoshi onírun pupa. Shigeyoshi oníláwàní. Shigeyoshi tí kò wẹ̀wù, tí òjò ń pa, tó ń wo èèyàn bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e mì. Èyí tó tóbi jù lọ wà láàárín: ọmọ ọba ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ọmọbìnrin náà látẹ̀yìn, ó tẹ orí sí ọwọ́ òsì, ó ṣu ẹnu díẹ̀, ọmọńdinrín ẹ̀ dúró ṣánṣán lókè.

Lábẹ́ ẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ́ tábìlì ẹja sí.

"Ṣé ó dáa?" Nobue ní, inú ẹ̀ ń dùn. Ó wá fa ojú pọ̀ wò ó. "Ọkùnrin yìí mà jọ ẹnì kan. Ṣé òṣèré yẹn ni, èyí tó ń polówó bíà?"

"Bóyá," ni Chigusa sọ.

Àwọn ìyá àdúgbò dé pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Shigeyoshi wọ épúrọ́ọ̀nù funfun, ó dé fìlà funfun, ó wọlé, ó kí gbogbo èèyàn, kò tiẹ̀ wo ògiri. Ẹja ló mọ̀. Ó gbé àpò àwọ̀ pupa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìpẹ́. Bó bá sì ti ń tẹ ìpẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, á tẹ orí sí ọwọ́ òsì. Á ṣu ẹnu díẹ̀. Ọmọńdinrín ẹ̀ á dúró ṣánṣán lókè.

Màmá Kiyono, àgbà nínú wọn, ẹnu ẹ̀ ò ní géètì, ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wo Shigeyoshi. Ó wo ògiri. Ó tún wo Shigeyoshi.

"Ẹ dúró ná. Shigeyoshi, má mira. Mo ní má mira!" Ó na ọ̀pá ẹ̀ sókè. "Ẹ̀yin ò rí nǹkan ni? Ọmọ ọba yìí ń tẹ ẹja!"

Ẹ̀rín bú jáde.

"Òun mà ni! Ẹ wo ọmọńdinrín!"

"Nobue! Ọkọ ẹ joyè, o ò pè wá!"

"Ẹ wá wo ibí, ó tún wé láwàní!"

"Ti ọ̀hún ńkọ́, tí kò wẹ̀wù? Shigeyoshi, ṣé bí àyà ẹ ṣe rí nìyí lábẹ́ épúrọ́ọ̀nù?"

"Ẹ bi Nobue, ṣé èmi ni mò ń bá a sùn!"

Shigeyoshi gbójú sókè, ó rí ara ẹ̀ níhòòhò tó ga bí ilẹ̀kùn. Etí ẹ̀ pupa ju ẹja lọ. "Ẹ̀yin màmá, èmi kọ́ o. Ẹja ni mò ń tẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Chigusa dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di etí aṣọ ara ẹ̀ mú bí ọmọ tó tọ̀ sára nílé ìwé. Ká ní ilẹ̀ lanu, ìbá bẹ́ sí i. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nobue ò tíì rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ògiri láti òpin kan dé òpin kejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ṣàyẹ̀wò ẹja ní èbúté. Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

"Ẹ wò wọ́n! Ṣé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Èmi ni mo ní kó yà á! Ó ní òun ń wá ẹni tóun máa wò yà, mo ní ọkùnrin kan mà ń bẹ nílé tí kò níṣẹ́ lẹ́yìn ẹja. Mo mọ̀ pé ọkọ mi rẹwà. Ẹ̀yin tí tiyín ò ṣeé yà, ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ẹja, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú Shigeyoshi. Wọ́n ń yin Chigusa, ọ̀kọ̀ọ̀kan ìyìn sì ń ta á bí agbọ́n.

Nígbà tí gbogbo èèyàn lọ, tí Shigeyoshi ti gbé ìkòkò relé, ó ku àwọn méjèèjì nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń ká àwòrán. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣì ń wọlé lójú fèrèsé.

"Láti ìgbà wo?" Nobue ò wo ẹ̀yìn.

"Àǹtí mi..."

"Mo ní láti ìgbà wo."

"Látorí ìwé àkọ́kọ́."

"Ṣé ó mọ̀?"

"Rárá o! Kò mọ nǹkan kan. Kò sí nǹkan kankan láàárín wa, àǹtí, kò ṣẹlẹ̀ rí. Èmi nìkan ni. Ọwọ́ mi ni."

"Mo mọ̀. Shigeyoshi? Ẹni tí kò mọ̀gbà tí mo gé irun?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Chigusa mí. Ó rò pé ó ti tán. Nobue wá fa ọ̀kan jáde nínú èyí tó ti ká, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ẹja.

"Èyí ńkọ́? Ta lèyí?"

Obìnrin burúkú inú ìtàn ni. Ṣé ẹ rántí pé mo ní obìnrin kan máa ń dá sí i? Òun nìyẹn. Ó wọ aṣọ ṣẹ́dà, ó dúró lókè àtẹ̀gùn ilé ọmọ ọba, ó ń sọ fún ọmọbìnrin tálákà yẹn pé ẹ̀yìnkùlé nirú ẹ̀ ń gbà wọlé. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó fi ọwọ́ kan mú ìbàdí, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ yí síta. Ìpéǹpéjú òsì ga ju ti ọ̀tún lọ.

Chigusa fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹnì kankan. Ó wo àwòrán, ó wo Nobue tó dúró níwájú ẹ̀, ọwọ́ ní ìbàdí, ìpéǹpéjú òsì lókè, bó ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó bá ń pariwo pé kí wọ́n gbé ẹja wọlé.

Ẹ gbọ́, ti ọkọ yẹn, Chigusa mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń jìyà ẹ̀. Àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí, kò mọ̀! Ó rò pé obìnrin burúkú lásán lòun ń yà. Àfi bó ṣe rí i tó wá ń rántí ìwé kan lẹ́yìn òmíràn: ìyàwó àtijọ́ olówó Gíríìsì, ìbátan ọ̀gá aṣálẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà. Àgbọ̀n yìí. Ìpéǹpéjú yìí. Gbogbo wọn pátá.

"Ti ọkọ mi, mo lè fi ṣẹ̀fẹ̀," Nobue sọ. Ohùn ẹ̀ tó máa ń dé òdìkejì odò ò dé ògiri. "Mo ti fi ṣẹ̀fẹ̀ ná, o rí i. Àmọ́ èmi ni mò ń lé ọmọ ọlọ́mọ jáde nínú gbogbo ìwé ẹ? Ṣé mo lé ẹ jáde rí, Chigusa?"

"Rárá."

"Nígbà tí Tokyo le, ta ló wọkọ̀ ojú irin wá kó ẹrù ẹ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Hun." Ó ká obìnrin náà jọ, ó fi okùn dì í, ó bọ́ sálúbàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Látìgbà náà, Nobue ò bínú o. Ìyẹn gan-an ló burú. Ìgbéyàwó kan wáyé ládùúgbò, wọ́n gé ẹja, wọ́n pín in bí wọ́n ṣe máa ń pín in. Tẹ́lẹ̀, inú ọ̀rá lásán ni Nobue máa ń ju ti Chigusa sí, á gbé e kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, á pariwo, "Jẹ ẹ́ kó tó bàjẹ́, ọ̀lẹ!" Lọ́tẹ̀ yìí, inú páálí ló wà, wọ́n fi okùn pupa àti funfun dì í bí ẹrù oníbàárà. Nígbà tí Chigusa yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tẹríba fún un lẹ́yìn káńtà. "Ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ yà wá. Ẹ máa rọra lọ o." Ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n tó bá ẹ yọ eyín àkọ́kọ́, tó wá ń kí ẹ bí àlejò ọ̀nà jíjìn. Ká ní ó gbá a létí, ìbá sàn.

Iṣẹ́ Chigusa wá dúró. Ó ní òun á wá ojú tuntun fún ọkùnrin. Ó ya ojú oníṣègùn eyín tó wà nídìí ibùdókọ̀. Olóòtú pariwo, "Ta lèyí? Ṣé eyín ló fẹ́ bá ọmọbìnrin yẹn yọ ni?" Ó ní òun á wá ojú tuntun fún obìnrin burúkú, ó ya àgbọ̀n roboto, ó ya ìpéǹpéjú tó bára dọ́gba. Bó bá ti gbójú kúrò tó tún wò ó, ó ti tún ga lápá kan. Ọwọ́ ẹ̀ wá ń dẹ́rù bà á bí ọwọ́ olè.

Nígbà tó sú u, ó lọ ra yokan, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ṣúgà sè títí tó fi dì gbagidi. Níbí, tẹ́ ẹ bá ń lọ tọrọ àforíjì, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ohun tó fúyẹ́ dání. Ó gbọ́dọ̀ wúwo lọ́wọ́ ẹni tó gbà á. Ó ra èyí tó wúwo jù, ó wọ aṣọ dúdú, ó gbọ̀nà odò lọ.

Shigeyoshi ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré jáde, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀rín lójú.

"Àna mi! Ibo lo wọlẹ̀ sí? O ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀! Àwọn obìnrin ń wá láti ìlú kejì, láti Kurobe, wọ́n ń bèèrè pé ọmọ ọba dà! Wọ́n á ní kí n tẹ orí báyìí, kí n gbé ọmọńdinrín sókè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra ẹja!" Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Mo ń fẹ́ kó o bá mi ṣe nǹkan kan. Pépà tí a fi ń di ẹja, mo fẹ́ kó o yà mí sí i. Kékeré báyìí, pẹ̀lú fìlà mi, kí n máa tẹ ìpẹ́. Kò le, àbí?"

Chigusa wo ẹ̀yìn ẹ̀. Nobue wà nídìí ìkòkò ooru, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Kò yíjú.

Ẹ rò ó wò. Tó bá ní rárá, Shigeyoshi á ní kí ló dé, ẹni tí kò mọ̀kan á wá mọ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún máa ya ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nìyẹn, lójú ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì tútù yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti yokan síwájú, ó tẹ orí mọ́lẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má bínú sí mi."

"Háà, kí ló dé? Ta ló kú?" Shigeyoshi ta gìrì.

"Kò sẹ́ni tó kú," Nobue sọ. Ó dín iná kù, ó nu ọwọ́ ẹ̀. Ó wá, ó gbé yokan, ó wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́ díẹ̀, ó gbé e sórí káńtà. Ó fa pépà funfun kan yọ látinú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà, ó fi gègé lé e, ó gbé àpótí jókòó, ó kọjú sí àbúrò ẹ̀.

"Ẹ bá a yà á. Kẹ́ ẹ sì ya èmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣebí ọwọ́ yín ti mọ ojú mi."

Shigeyoshi pàtẹ́wọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Àwa méjèèjì!"

Chigusa ya Shigeyoshi kíá. Kò gbójú sókè wò ó rárá: fìlà, etí, ẹnu tó ṣù, ọmọńdinrín. Ìgbà tó parí ló tó mọ ohun tó ṣe. Pé kò wò ó. Ó sì mọ̀ pé Nobue rí i pé kò wò ó. Ìtìjú tún bò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

Ti Nobue ló kàn. Èyí kò lè yà á láìwò ó. Ó gbójú sókè. Ó pẹ́ tó ti wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbẹ̀yìn! Irun etí ti funfun. Ooru ìkòkò ti sọ awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ di pupa, ó ti le. Kò sí aṣọ ṣẹ́dà, kò sí àtẹ̀gùn. Obìnrin tó ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wá gé orí ẹja ló jókòó síbẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́. Chigusa ya àgbọ̀n, ó ya imú, ó ya ẹnu. Ó dórí ìpéǹpéjú òsì, gègé dúró.

Torí ó ga lóòótọ́! Bí wọ́n ṣe bí Nobue nìyẹn. Tó bá yà á bó ṣe ga, obìnrin burúkú yẹn ló tún ń yà, ó tún máa rìn kárí gbogbo Uozu lára pépà ẹja. Tó bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ojú ẹlòmíì ló fi ń tọrọ àforíjì.

"Àǹtí ẹ ò tíì pé o, ìpéǹpéjú kan ṣì kù," Shigeyoshi sọ, ó ń yọjú léjìká ẹ̀.

"Mi ò mira," Nobue sọ. "Ẹ yà á."

Chigusa gbé e sókè, bó ṣe wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na pépà náà sí i, ó tún tẹ orí mọ́lẹ̀, kò rí ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, bàtà rọ́bà ẹ̀ nìkan ló ń rí. Nobue gba pépà náà.

"Bí mo ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ lẹ rí, àǹtí mi."

"Hun. Ẹ ṣeun."

*Ẹ* tí wọ́n ń pe àlejò yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ó gbé pépà sínú dúrọ́ọ̀, ó padà sídìí ìkòkò. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí, gbogbo ojúlé ló ń fi í gbé ẹja relé, ó sì dára, ọkọ àti ìyàwó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí Chigusa bá rí i lọ́wọ́ èèyàn, á yà sí òdìkejì títì. Ó ṣì ń lọ jẹun ní ọjọ́ Sunday, torí wọn ò lé e. Àwo ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù báyìí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àlejò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí i. Ká ní ọwọ́ yín ni gègé yẹn wà, tí ẹ̀gbọ́n yín jókòó síwájú yín tí kò mira, tí ọkọ ẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan dúró léjìká yín, ṣé ẹ ò bá gbé ìpéǹpéjú yẹn sókè ni, àbí ẹ ò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Kí lẹ ò bá ṣe?